Pípadà Sẹ́nu Eré Sísá àti Bàtà Tí Ó Yẹ Ọ̀nà Ẹlẹ́rẹ̀

Ìbéèrè méjì ni òǹkàwé kan tí ń gbé ní D-Line, ní ìlú Port Harcourt, fi ránṣẹ́ sí òpó ìlera yìí: èkíní ni bí ẹni tí ó ti pa eré sísá tì fún ọdún méjì ṣe lè padà sí i láìfarapa, èkejì sì ni irú bàtà tí ó yẹ kí ẹni bẹ́ẹ̀ rà fún àwọn ọ̀nà oko apá Etche, tí wọ́n máa ń di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ nígbà òjò. Òǹkàwé náà fi kún un pé bàtà ni òun fẹ́ kọ́kọ́ rà. Ó sàn kí ó fi ìyẹn ṣe ìkẹyìn, nítorí pé ìkánjú ló sábà máa ń dá ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu eré lóró, bàtà olówó iyebíye kò sì lè gba oníkánjú sílẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yà ara kì í jọ padà bọ̀ sípò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ iṣẹ́ wọn padà, débi pé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tí ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ yóò ti máa sáré pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n egungun àti tẹ́ńdọ̀nù, ìyẹn okùn líle tí ó so ẹran ara mọ́ egungun, irú èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ bà lókè gìgísẹ̀, máa ń gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó lágbára tó láti gba ìwúwo ara tí ń já lé wọn lórí ní gbogbo ìgbésẹ̀. Àlàfo àárín àwọn méjèèjì yìí ni ewu wà, nítorí pé èémí ti yọ̀ǹda kí ẹni náà lọ jìnnà nígbà tí egungun ojúgun rẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ìrìn pọ̀ ju eré lọ: kí ó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó rìn fún méjì, kí gbogbo rẹ̀ má sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi láàárín. Kí eré náà rọrùn débi pé ó lè máa bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìjá ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Bí ẹran ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń ro ó díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kò sí aburú níbẹ̀; ṣùgbọ́n ìrora tí ó dúró sójú kan lórí egungun, tí ìka kan ṣoṣo lè tọ́ka sí, tí ó sì ń le sí i bí eré ti ń lọ, lè jẹ́ pé egungun ti ń sán, dókítà ni ó sì yẹ kí ó rí i. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí ẹni tí àyà máa ń dùn bí ó bá ṣe iṣẹ́ agbára, gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Isaac Boro Park, tí kò jìnnà sí D-Line, tó fún irú ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Òjò tí ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún ju 2,000 mìlímítà lọ, oṣù kẹsàn-án ni ó sì sábà máa ń pọ̀ jù. Bí omi bá ti bo àdúgbò, tí ojú gọ́tà kò sì hàn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré níbẹ̀, bàtà yòówù kí ó wọ̀. Bákan náà ni èéfín dúdú tí àwọn ará ìlú náà ti ń ráhùn lé lórí láti ìparí ọdún 2016, èyí tí sísun epo rọ̀bì láìgbàṣẹ wà lára ohun tí ń fà á: ní ọjọ́ tí ó bá hàn lójú afẹ́fẹ́, kí eré di ti inú ilé, nítorí ẹni tí ń sáré ń fa afẹ́fẹ́ símú ju ẹni tí ó jókòó lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ní ti bàtà, kókó rọ́bà tí ó yọ síta lábẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Ẹrẹ̀ jíjìn ń fẹ́ kókó tí ó ga tó mìlímítà 5 sí 8, tí àyè sì wà láàárín wọn kí ẹrẹ̀ lè máa já bọ́. Bí wọ́n bá há mọ́ra, ẹrẹ̀ á dí àárín wọn, abẹ́ bàtà á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n kókó gíga tètè ń jẹ lórí ọ̀dà, nítorí náà, ẹni tí yóò máa sáré lórí títì àti lójú ọ̀nà oko, tí owó rẹ̀ kò sì ká ju bàtà kan lọ, kí ó ra èyí tí kókó rẹ̀ tó mìlímítà 4. Kí ó má ṣe náwó lórí bàtà tí wọ́n ní omi kì í wọ̀: omi ẹrẹ̀ ilẹ̀ Rivers ń gba ọrùn bàtà wọlé, ohun tí kò sì jẹ́ kí omi wọlé kò ní jẹ́ kí ó jáde, ẹsẹ̀ á rin gbingbin, á sì lé ròrò. Bàtà tí òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ alájàá bí àwọ̀n, tí omi ń ṣàn jáde nínú rẹ̀, ni ó dára.

Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀, ni kí ó wọn bàtà wò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí yóò fi sáré. Kí àyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò wà níwájú ìka tí ó gùn jù, kí gìgísẹ̀ má sì máa yọ, nítorí ẹrẹ̀ a máa fa bàtà tí kò dì mọ́ ẹsẹ̀ yọ. Bí ó bá jẹ́ òkìríkà ni ó fẹ́ rà, kí ó tẹ fóòmù rẹ̀ wò bóyá ó ti le, kí ó sì fọwọ́ fa ìdí rẹ̀, nítorí gáàmù tí ó ti gbó kì í pẹ́ tú nínú omi. Ìrọ̀rùn ẹsẹ̀ ni kí ó fi ṣe ìdájọ́, kì í ṣe òkìkí bàtà. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ ti dà láàmú lọ́dún 2022, béèrè bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, irú tí àwọn asáré ọ̀nà jíjìn ń lò, òun náà ni ó sì wọ̀ ní Eugene ní Amẹ́ríkà ní oṣù keje, nígbà tí ó sá 100 mítà tí wọ́n ti ń fo ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12, tí kò sí obìnrin tí ó sá a tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ó bá dé láti inú ẹrẹ̀, kí ó fọ ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kí ó nu àárín ìka gbẹ, kí ó sì ki ìwé ìròyìn sínú bàtà kí ó lè fa omi inú rẹ̀. Aràn kan wà tí ń gba awọ ẹsẹ̀ lásán wọ inú ara láti inú ilẹ̀ tútù, nítorí náà, kí ó má ṣe bọ́ bàtà sọ́wọ́ nítorí pé ẹrẹ̀ ti wúwo lára rẹ̀. Kòkòrò àrùn ipá, èyí tí ń mú kí iṣan ara le gbandi, tí ó sì lè pani, náà ń gbé inú ilẹ̀, ọgbẹ́ ni ó sì ń gbà wọlé. Kí ẹni tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ gbẹ̀yìn, tàbí tí kò rántí ìgbà tí ó gbà á, lọ gbà á ní ilé ìwòsàn kí ó tó ki ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀.