Ọsàn ò ṣeé jẹ

Ẹ tan rédíò sí ètò ìlera, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: “Ẹ máa jẹ ọsàn, fítámì C wà nínú rẹ̀.” Ìmọ̀ràn náà dára, èdè ni kò dára. Mímu là ń mu ọsàn. A ń mu máńgòrò, a sì ń mu àgbálùmọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ àti àgbọn ni jíjẹ. Bí ẹ bá fẹ́ dà wọ́n pọ̀, “ẹ máa jẹ èso” kò ní àbùkù.

Àwọn kan rò pé bí omi bá ṣe pọ̀ tó nínú èso la fi ń mọ èyí tó jẹ́ mímu. Irọ́ ni. Omi tó wà nínú ìbẹ́pẹ àti ti ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi gíráàmù 87 nínú 100. Iṣẹ́ ẹnu ni èdè ń wò. A ó bó ọsàn, a ó gé e lórí, a ó fún omi rẹ̀ sẹ́nu, a ó ju ìyókù nù. Fítámì C bá omi wọlé, àmọ́ inú ohun tí a jù nù ni ọ̀pọ̀ fáíbà tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ wà. Ẹni tó bá là á, tó rún gbogbo rẹ̀ mì, òun nìkan ló jẹ ọsàn. Fítámì C yẹn gan-an, gúrọ́fà fi ju ọsàn lọ ní bíi ìlọ́po mẹ́rin: mílígíráàmù 228 sí 53 nínú gíráàmù 100. Gúrọ́fà kò kàn ní alágbàwí lórí rédíò ni.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni “ọ̀gẹ̀dẹ̀ aláwọ̀ ewé”. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jà? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ló ń jẹ́. Ṣebí àwọn àgbà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ò yá bù ṣán. Ẹ má sì fi gbó pe pọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó ti yọmú tán lórí igi, ó sì lè dúdú síbẹ̀; èyí tó pọ́n ti yí àwọ̀ padà. Láàárín méjèèjì ni sítáàṣì inú rẹ̀ ń di ṣúgà. Pòtásíọ́mù ní tirẹ̀ kì í bá pípọ́n lọ. Nínú gíráàmù 100 àgbagbà, ó ju mílígíráàmù 400 lọ, ti ọsàn kò sì pé 200. Ṣúgà ló ń bá pípọ́n lọ; nítorí náà, bí dókítà bá ní kí alátọ̀gbẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kúrò níwájú rẹ̀: dúdú ni àbí pípọ́n?