Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé: Àtìpó ní Abidjan àti Owó Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ tí a ó yẹ̀ wò ní sáà yìí jáde láti inú ọ̀rọ̀ kan tí ó délẹ̀ ní ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Òkè-Aró, níbi tí mo ti ń ṣe àbójútó. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tọrọ ẹ̀yáwó. Nígbà tí akọ̀wé bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ṣe, ó ní òun fẹ́ fi ra oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbà fún un, onídùúró 2 sì fọwọ́ sí ìwé. Kò pé oṣù 2 lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti wà ní Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àti pé owó oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni ó fi wọ ọkọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń ké, ọmọ kò tíì ríṣẹ́, àwọn onídùúró ni wọ́n sì ń san owó náà padà díẹ̀díẹ̀.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìnrìn àjò. Baba ńlá wa rìn, ó sì mú owó wálé. Ohun tí mo fẹ́ kí a kọ́ ni bí ìgbésí ayé àtìpó ṣe rí ní ìlú ńlá bẹ́ẹ̀, kí a lè mọ irú ìmọ̀ràn tí a ó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ lọ.

1. Àwọn tí ó ti lọ ṣáájú

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti ń ṣòwò ní ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Èjìgbò ti kún inú ọjà ilẹ̀ Ghana kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960. Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni a mọ̀ jù lọ mọ́ Abidjan. Ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tààrà lọ sí ibẹ̀, a sì ń rí ọmọdé tí ó ń sọ èdè Faransé ní àárín ìlú náà. Anango ni àwọn ará Côte d'Ivoire ń pe Yorùbá.

Ọ̀nà náà jìn tó 1,000 kìlómítà láti Èkó. Ààlà 4 ni èrò yóò là kọjá: Sẹ̀mẹ̀ sí Benin, Hilla-Condji sí Togo, Aflao sí Ghana, àti Elubo sí Côte d'Ivoire. Bí ó bá dé ibẹ̀, aago rẹ̀ yóò fi wákàtí 1 yá ju tiwọn lọ.

2. Bí ọjọ́ kan ṣe ń lọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta aṣọ ní Adjamé, ní Abidjan. Mo lo ọjọ́ 12 lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọdún 2018. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń wọ gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré tí ó jọ dánfó wa, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ náà ń pariwo bíi ti Agége. Ọkọ̀ takisí àkópọ̀ wà tí wọ́n ń pè ní wôrô-wôrô, bọ́ọ̀sì ńlá SOTRA sì wà. Ọ̀sà ni ó yí ìlú náà ká bíi ti Èkó, afárá ni wọ́n sì fi ń sọdá sí Treichville, níbi tí àwọn Anango ti pọ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ilé tí ó ń gbé jẹ́ àgbàlá kan tí yàrá yí ká, tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo omi kan. Onílé ti gba owó ìdúró àti owó oṣù mélòó kan kí ó tó jẹ́ kí ó gbé àpótí wọlé. Ẹ rántí èyí: ẹni tí owó ọkọ̀ nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì ní owó àtìpó.

Ní ti oúnjẹ, ebi kì í sábà pa ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kan náà tí a fi ń ṣe gàrí ni wọ́n fi ń ṣe attiéké: wọ́n á rin ín, wọ́n á jẹ́ kí ó kan, wọ́n á fún omi rẹ̀, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n yan án, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Ní ọdún 2024 ni UNESCO kọ ọgbọ́n ṣíṣe rẹ̀ sínú ìwé ogún àṣà ayé. Dòdò tiwa, alloco ni wọ́n ń pè é.

Èdè ni ìṣòro àkọ́kọ́. Faransé ni èdè ọ́fíìsì. Jùlá ni èdè ọjà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí wọ́n bá sì ń fi Jùlá ná ọjà, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka owó: fárànkì 5 ni ẹyọ kan. Bí òǹtajà bá dá 20 lé ọjà, fárànkì 100 ni ó ń béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé ní ọ̀sẹ̀ tí òun kọ́kọ́ dé, òun gbọ́ 100, òun na fárànkì 100, obìnrin náà sì tú èébú jáde, nítorí 500 ni ó ń retí. Nísinsìnyí, wọ́n ń pè é ní tantie, èyí tí ó túmọ̀ sí àǹtí, kò sì sí oníbàárà tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ lójú ìṣirò.

3. Ìwé àṣẹ

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ ECOWAS ní àyè láti wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bá pé. Ẹni tí yóò bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìjọba ibẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Côte d'Ivoire mú àjèjì máa san owó káàdì ìgbélùú. Ọdún 2007 ni wọ́n mú un kúrò fún àwọn ọmọ ECOWAS. Òfin a máa yí padà. Nítorí náà, kí arìnrìn-àjò béèrè ohun tí ó wà lóde kí ó tó gbéra, kí ó sì lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aṣojú Nàìjíríà bí ó bá débẹ̀.

4. Owó lè tóbi, ó sì lè súnkì

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n já owó CFA sí méjì: fárànkì CFA 50 tí ó ń gba fárànkì Faransé 1 di 100. Ẹni tí ó fi gbogbo ìfipamọ́ rẹ̀ sínú CFA sùn, ó jí, ìdajì agbára rẹ̀ ní ọjà òkèèrè ti lọ. Lónìí, CFA 655.957 ni wọ́n so mọ́ yúrò 1. Náírà tiwa kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀, ó sì já wálẹ̀ gan-an láti oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tí ó ń rí CFA gbà yóò san gbèsè náírà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé náírà lọ síbẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀ ayé yóò rí i pé àpò ńlá ni ó fi ra owó péńpé.

5. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá bàbá mi

Kumasi ni bàbá bàbá mi ti ń ta ọjà àwìn. Orí rẹ̀ ni ìwé gbèsè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ 2, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá ni ó wọ ọkọ̀ wálé. Bàbá wa ta ọjà rẹ̀ ní ìtàkutà. Àwọn tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò sá lọ síbìkankan. Òun ni ó ń lọ. Èsúsú tí ó ń dá kò tíì kàn án, kò sì sí ìwé kankan tí ó lè fi hàn ní ilé pé ó dá a. Ó kú láìgba kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a fi èyí bú ará Ghana. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ará Ghana. Orúkọ àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ṣì wà lẹ́nu wa títí di òní. Òkè-Aró tiwa náà, ìlú àtìpó ni fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí àjèjì bá wá wọ ẹgbẹ́, tí ó sì pé òfin, ẹ gbà á bí ẹ ó ti fẹ́ kí wọ́n gba ọmọ yín.

6. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

(a) Kí ọmọ ẹgbẹ́ sọ òtítọ́ nípa ohun tí ó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìrìn àjò, kí ó wí bẹ́ẹ̀, kí ìgbìmọ̀ lè wò ó bóyá ẹni tí ó wà nílé lè san án.

(b) Kí onídùúró béèrè ọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Ìfọwọ́sí rẹ kì í ṣe ìkíni. Gbèsè ni bí ẹni náà kò bá san.

(d) Kí ẹni tí ó ń lọ fi ìwé ìfipamọ́ rẹ̀ hàn akọ̀wé, kí iye inú rẹ̀ bá ti ìwé ẹgbẹ́ mu, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó náà bí nǹkan bá ṣe é. Èyí ni bàbá bàbá mi kò ní.

(e) Kí ó má ṣe dẹ́kun ìfipamọ́ ní ilé. Ohun tí ó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ ní ilé kì í bá ẹni sá kúrò ní ìlú onílùú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Bí a bá mọ̀ pé wọ́n fi ẹ̀yáwó ṣe ohun mìíràn, ìgbésẹ̀ wo ni òfin ẹgbẹ́ wa là sílẹ̀?
2. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni kò tíì kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀? Kí akọ̀wé kà wọ́n kí ìpàdé tó túká.
3. Ẹ gbà pé ọmọ yín fẹ́ lọ sí Abidjan ní oṣù tí ń bọ̀. Yàtọ̀ sí owó ọkọ̀, kí ni ẹ ó kọ sílẹ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ní?

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí ẹni tí ó lọ rí ilé bá, kí ó sì rí owó rẹ̀ bá nínú ìwé.