Bí Mọ́tò Kékeré Ṣe Ń Pín Agbára fún Táyà Mẹ́rin

Àríyànjiyàn kan ti ń lọ lẹ́yìn kíláàsì wa láti ọjọ́ mélòó kan: tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ìdámẹ́rin agbára ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ò lè yọ̀ láéláé, kódà nínú òjò. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló jẹ́ kí n mú bírò, torí ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè torí ẹ̀ sáré lójú títì tó tutù.

Ọkọ̀ tí mo máa fi ṣàlàyé ni Toyota GR Yaris, tó jáde ní 2020. Wọ́n ṣe é nítorí ìdíje ọkọ̀ eré tí wọ́n ń pè ní rally. Ó kéré, sílíńdà mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ 1.6 lítà, síbẹ̀ èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù ní agbára ẹṣin 261. Ẹ rí i pé kì í ṣe eré ọmọdé.

Àmọ́ ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo Corolla tó rì sínú ẹrẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i rí. Táyà iwájú kan ń yí bí òòyì, ó ń ta ẹrẹ̀ sára àwọn tó ń ti ọkọ̀. Èkejì tó wà lórí ilẹ̀ líle dúró gbagidi, kò ṣe nǹkan kan. Kí ló fà á? Differential ni.

Ẹ fi ojú ìṣirò wò ó. Tí ọkọ̀ bá yí po ní òbìrí kan, táyà ìta ń rìn ju ti inú lọ. Ká ní àlàfo àárín táyà ọ̀tún àti tòsì jẹ́ 1.5 mítà. Òbìrí ńlá ni o, òbìrí kékeré ni o, ìyàtọ̀ ọ̀nà tí àwọn méjèèjì rìn jẹ́ 2 × 3.142 × 1.5, ìyẹn nǹkan bíi 9.4 mítà. (Ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwọ̀n òbìrí tó bá wù yín, èsì kan náà ló máa jáde. Èyí dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ.) Tó bá jẹ́ irin kan ṣoṣo ló so táyà méjèèjì pọ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fi ara wọ́lẹ̀ ní gbogbo kọ́nà. Differential ni àkójọ gíá tó ń jẹ́ kí ọ̀kan yára, kí èkejì rọra.

Àmọ́ ó ní òfin kan: agbára ìyípo tó bá fún ọ̀tún náà ló máa fún òsì. Agbára ìyípo yìí ni olùkọ́ Físíìsì ń pè ní torque, Nm la fi ń wọ̀n ọ́n. Táyà inú ẹrẹ̀ kò lè gbà ju díẹ̀ lọ kó tó yọ̀. Ká ní 50 Nm ni. Èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle náà á gba 50 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè gba 800. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 100, ọkọ̀ ò sì ní kúrò lójú kan. Ẹ ò rí i pé ẹ́ńjìnnì ò jẹ̀bi? Táyà ò lè gbà ju ohun tí ilẹ̀ bá gbà fún un lọ.

Tí a bá wá fẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn jọ ṣiṣẹ́, ìṣòro yìí tún yọjú, torí níbi kọ́nà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà. Audi Quattro tó jáde ní 1980 fi differential kẹta sí àárín, ó sì fún awakọ̀ ní ohun tó máa fi tì í pa nígbà tí ilẹ̀ bá ń yọ̀. GR Yaris ò gba ọ̀nà yẹn, kò ní differential àárín rárá. Gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń yí iwájú nígbà gbogbo, ṣááfùtù gígùn kan sì gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Kó tó dé differential ẹ̀yìn, ó máa kan kílọ́ọ̀ṣì kan: àwọn àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò ti ara wọn, ìdajì so mọ́ ṣááfùtù, ìdajì so mọ́ ẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa fún àwọn àwo náà pọ̀ tó. Tó bá tú wọn sílẹ̀, iwájú nìkan ló ń fa ọkọ̀. Tó bá fún wọn pọ̀, ẹ̀yìn náà ń gba agbára.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ohun kan wà nínú ọkọ̀ tí awakọ̀ lè yí sí Normal, Sport tàbí Track. Toyota ní Normal ń pín agbára ní 60 síwájú, 40 sẹ́yìn. Sport ń pín in ní 30 síwájú, 70 sẹ́yìn. Ti Track jẹ́ 50 sí 50. Ó yẹ ká béèrè pé báwo ni 70 ṣe dé ẹ̀yìn. Tí àwo méjì bá ń fara gbo ara, èyí tó yára ló ń ti èyí tó lọ́ra. Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá ń yí bákan náà, kò sí èyí tó yára. Fífún àwọn àwo náà pọ̀ kò lè ṣe ju kó sọ wọ́n di irin kan. Ọgbọ́n tí Toyota dá ni pé wọn ò jẹ́ kí ìṣirò gíá iwájú àti tẹ̀yìn dọ́gba. Wọ́n ṣe é kí ṣááfùtù máa fẹ́ yí ẹ̀yìn yára ju iwájú lọ. Díẹ̀ báyìí ni o. Nítorí náà, àwo tó so mọ́ ṣááfùtù ló ń yára jù, agbára sì ń lọ sẹ́yìn dé ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà bá fún wọn. Ooru ń bá a rìn ṣá, torí àwo tó ń fara gbo ara gbọ́dọ̀ gbóná.

Kí wá ni ẹ̀yìn fẹ́ fi 70 ṣe? Tí awakọ̀ bá tẹ tọ́túù, ẹ mọ bí ara èrò ṣe máa ń fà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwúwo ọkọ̀ ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, wọ́n á sì lè gbà sí i. Ti iwájú ní iṣẹ́ mìíràn, àwọn ló ń yà ní kọ́nà. Èyí tí táyà bá ti ná sórí fífa ọkọ̀, kò ní í kù fún yíyà.

Èyí tí wọ́n fi Circuit Pack kún tún ní differential Torsen níwájú àti lẹ́yìn. Gíá inú ẹ̀ máa ń há mọ́ra tí táyà kan bá fẹ́ yọ̀, kí ìkejì lè gbà jù ú lọ, ká ní ìlọ́po méjì. Àmọ́ ìlọ́po méjì òdo, òdo ni: tí táyà kan bá wà lófuurufú, Torsen nìkan ò rí nǹkan ṣe sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìdámẹ́rin, ẹ pẹ̀lẹ́ o. 60 sí 40 ni ohun tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́. Ilẹ̀ ló máa sọ èyí tó máa rí gbà. Ti yíyọ̀ ńkọ́? Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa ọkọ̀ ló wúlò. Tí ẹsẹ̀ bá ti bọ́ sórí bíréèkì, ṣááfùtù àti kílọ́ọ̀ṣì yẹn ò lè mú kí ilẹ̀ tó ń yọ̀ di líle. Bíréèkì mẹ́rin ni Corolla náà ní. Èyí tó léwu níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ tó ń gbéra dáadáa nínú omi kì í jẹ́ kí awakọ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó, àfi ìgbà tó bá fẹ́ dúró.

Ẹni tí kò bá gba ti differential gbọ́ lè lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì níbi tí wọ́n ti gbé iwájú Corolla sókè, tí wọ́n sì ti fi irin gbè é dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí ọkọ̀ wà nínú gíá. Ẹ fọwọ́ yí táyà ọ̀tún síwájú, kẹ́ ẹ wo tòsì: ẹ̀yìn ló máa yí sí.