Ọ̀rọ̀ Ọtí Kì í Tóbi Ká Fi Ọ̀bẹ Bù Ú

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní Ìta-Ìjẹ̀bú àti káàkiri ilẹ̀ Sakẹ́tẹ́ àti Pobẹ́, ọ̀pẹ kò wọ́n, ẹmu kò wọ́n, sódábì tí wọ́n ń fi ẹmu sè kò sì wọ́n. Ìgò rẹ̀ ń bẹ níbi ìkómọ, ó ń bẹ níbi ìdána, ó ń bẹ níbi òkú àgbà. Láàárín ọ̀pọ̀ tó ń mu, ta ló máa tètè dá ẹni tí ọtí ti dè mọ́lẹ̀ mọ̀? Òun nìkan ló mọ̀ pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n láàárọ̀ títí òun á fi fẹnu kan ife. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí onílé ké gbàjarè.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ kò gbọdọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá kó ní òun jáwọ́ lójijì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí ẹlòmíì kò rí, ó sì lè gba ibẹ̀ kú. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọpitálì ní Sakẹ́tẹ́ tàbí Pobẹ́, ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an fún dókítà, ẹ má bù ú kù. Oògùn wà tó ń gbé ara la àkókò yẹn kọjá. Bí ọ̀ràn bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọpitálì ìjọba tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ wà ní Kútọnu.

Ṣùgbọ́n oògùn ọpitálì kì í báni jókòó nírọ̀lẹ́ nígbà tí òǹgbẹ ọtí bá dé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, òwò gbé Bill Wilson, ará New York, lọ sí ìlú Akron ní Amẹ́ríkà. Ó ti jáwọ́ nínú ọtí fún oṣù díẹ̀. Òwò náà dàrú, ilé ọtí inú òtẹ́ẹ̀lì sì ń fà á. Kò wá ẹni tó máa wàásù fún un. Ńṣe ló ń fóònù àwọn àlùfáà ìlú náà pé kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ Bob Smith nìyẹn, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Smith ní òun lè fún un. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n fi jókòó. Ní oṣù kẹfà, Smith mu ọtí ìkẹyìn láyé rẹ̀, ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sì bẹ̀rẹ̀. Lónìí ó ti dé nǹkan bí orílẹ̀-èdè 180. Ohun tó bá ojú ló ń bá imú: ẹni tí ọtí ti gbé ṣubú rí kì í fi ẹni tó wà nílẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ṣe bíi Wilson, ẹ béèrè. Ẹ bi nọ́ọ̀sì, ẹ bi pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù yín, bóyá wọ́n mọ ẹni tó ti mu rí tó sì ti jáwọ́. Ẹni tó gbọ́ Faransé lè wá ẹgbẹ́ náà, «Alcooliques Anonymes», lórí fóònù. Wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè pa kámẹ́rà. Wọn kì í gbowó ìwọlé. Kí ọtí sú ènìyàn, kó fẹ́ jáwọ́, ìyẹn nìkan ni wọ́n ń béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè gbọ́ tẹnu wọn láìsọ tiyín. Ìpàdé kan wà tí ará ilé lè bá yín lọ, òmíràn sì wà fún ọ̀mùtí nìkan. Ẹ béèrè kí ẹ tó mú ìyàwó tàbí ọkọ dání. Ẹ má fi ìpàdé kan ṣoṣo dájọ́.

Bí ìpàdé kò bá sí nítòsí ńkọ́? Ènìyàn méjì ló bẹ̀rẹ̀ ti Akron. Ẹ ṣe é bí a ti ń ṣe àárò: lónìí, oko tèmi, lọ́la, oko tìẹ. Ẹ mú ọjọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ẹ mú ibi tí ìgò kò sí, kí oníkálukú sọ tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìlú kékeré ni tiwa, gbogbo wa la mọ ara wa. Nítorí náà ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó kú sí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí ìdí ọtí, kó má padà wá.

Wọ́n á ní ẹni tí kò mu kò bọlá fún òkú. Irọ́ ni. Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá, wọn kò sì tìtorí ẹ̀ di àlejò ní ilé baba wọn. Mùsùlùmí kì í mu ún. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947 kà á léèwọ̀. Ẹ gba ife, ẹ ta á sílẹ̀ fún àwọn baba, ẹ gbé e fún ẹni tó kàn.

Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ẹ má dúró títí ara á fi balẹ̀ kí ẹ tó padà sípàdé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín kí aládùúgbò tó bá yín sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.