Tìróò náà, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á

ÌBÉÈRÈ: Dókítà wa, láti ìgbà tí mo ti bímọ ni mo ti ń lo kíríìmù ọ́gáníìkì tí obìnrin kan ń pò fún mi ní ọjà Ìkòtún. Ara mi ti pupa, ṣùgbọ́n oríkèé ọwọ́ mi dúdú, ilà sì ń yọ ní itan mi. Ó ní ewé àti òróró lásán ni, kò ní kẹ́míkà. Ṣé kí n máa lò ó lọ? (Ìyá ọlọ́mọ, Ẹgbẹ́dá)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Rárá, ẹ má lò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn ni ó ká mi lára, nítorí láti Ìkòtún títí dé Ìgàndò ni mo ti ń gbọ́ ọ, pé ohun tí ó bá ti inú ewé tàbí inú ilẹ̀ wá kò lè pa ènìyàn lára.

Tìróò tí àwọn ìyá wa ń lé sójú ọmọ, inú ilẹ̀ ni a ti ń wà á, bẹ́ẹ̀ òkúta òjé ni èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Mẹ́kúrì tí àwọn aláìláàánú ń pò mọ́ ìpara kí awọ lè tètè pupa, inú òkúta ilẹ̀ ni òun náà ti ń jáde, awọ ni ó sì ń bá wọlé, tí yóò fi lọ ba kíndìnrín jẹ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lórí igi pàápàá, bí a bá fi omi rẹ̀ para tí a sì jáde sínú oòrùn, ó lè bó awọ bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára.

Àwọn òyìnbó náà ní irú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n ń pariwo “clean beauty”, ẹwà mímọ́. Síbẹ̀ ní Amẹ́ríkà pàápàá, òfin ìpara wọn kò sọ ohun tí mímọ́ náà jẹ́. Tiwa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń po ìpara lọ́jà kì í kọ ohunkóhun sára ike rárá. Gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Lójú tèmi, ìpara mímọ́ kò sí láìjẹ́ ìpara mímọ̀: kí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí a mọ ẹni tí ó ṣe é, kí a mọ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí a sì rí nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, lára rẹ̀.

Ní ti ara yín, oríkèé dúdú sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ hydroquinone, kẹ́míkà tí ń bó awọ, ilà itan sì lè jẹ́ ti oògùn steroid, tí ó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé ike náà dání lọ sí Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgàndò. Bí awọ bá pọ́n tí ó sì ń ta yín lẹ́yìn tí ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ padà sí ìpara náà. Dókítà ni kí ẹ sọ fún. Ẹ má sì fi ìpara náà ra ọmọ lára láé, nítorí mẹ́kúrì a máa ti ara ìyá kan ọmọ tí ó gbé mọ́ra.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra: n kò bá òrí, àdín àti ọṣẹ dúdú jà, bí kò bá ti sí ohun àjèjì nínú wọn. Adúmáadán ni Ẹlẹ́dàá dá yín, dúdú yẹn sì ni agboòrùn tí Ó fi ṣíji bo awọ yín. Ike tí kò ní àkọlé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ra ara.