Ẹ̀rọ Ló Kọ Ọ́, Àbí Ọmọ Mi?

Ìbéèrè

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Ìbàdàn, ẹ̀ka tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì ni mo wà. Ọ̀rọ̀ AI yìí ká mi mọ́ ibi iṣẹ́, ó tún ká mi mọ́ ilé. Ní ọ́fíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lábẹ́ mi da lẹ́tà ìráhùn àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì sínú ChatGPT lórí fóònù rẹ̀, tòun ti orúkọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà NIN wọn, ó ní kó bá òun kọ mẹ́mò sí dárẹ́kítọ̀. Mẹ́mò náà dùn ún kà, ọ̀gá sì yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n bá mi wá ìwé sákúlà tí mẹ́mò náà tọ́ka sí, a tú gbogbo fáìlì, a ò rí i. Kò tilẹ̀ sí irú sákúlà bẹ́ẹ̀ rárá.

Nílé ẹ̀wẹ̀, ọmọ mi obìnrin wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì. Ìṣojú mi ló ti kọ pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ gbé e sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wò, ẹ̀rọ ní AI ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ti ní kó wá fojú kan ìgbìmọ̀, ọmọ náà ò sì jẹun dáadáa mọ́. Ṣé kí n ní kí gbogbo wọn jìnnà sí AI ni? Báwo ni ọmọ mi ṣe máa wẹ ara rẹ̀ mọ́?

Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àfaradà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ, nítorí ọjọ́ ìgbìmọ̀ ò ní í yẹ̀.

Ẹ sọ fún un lálẹ́ òní pé iye tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò gbé jáde, àbá lásán ni. Ẹ̀rọ yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ara wọn ló ń wò: bí ọ̀rọ̀ tó kàn bá jẹ́ èyí téèyàn ti ń retí, tí gbólóhùn sì gùn dọ́gba-dọ́gba, á ní AI ni. Bẹ́ẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó jẹ́ pé ilé ìwé la ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó dá wa lójú la máa ń lò, a kì í fi ìwé ìdánwò ta ayò.

Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà kó àròkọ 91 jọ, èyí tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL. Wọ́n fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje yẹ̀ wọ́n wò. Bí a bá pín in dọ́gba láàárín àwọn ẹ̀rọ náà, ó ju ìdajì àròkọ wọ̀nyí lọ tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI, bẹ́ẹ̀ èèyàn ló kọ gbogbo wọn. Ti àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣì í rárá. OpenAI tó ṣe ChatGPT náà ṣe ẹ̀rọ ayẹ̀wò tirẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò nílẹ̀ ní oṣù Keje 2023 nítorí pé àṣìmọ̀ rẹ̀ pọ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Yunifásítì Vanderbilt pa ẹ̀rọ ayẹ̀wò AI tó wà nínú Turnitin, ètò táwọn ilé ìwé fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò. Kí ọmọ yín tẹ àwọn òtítọ́ wọ̀nyí jáde sórí ìwé, kó mú un dání.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ báyìí. Tó bá jẹ́ Google Docs ló fi kọ ọ́, ìtàn iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀, láti orí ìlà àkọ́kọ́ dé orí èyí tó pa rẹ́ lóru. Tó bá jẹ́ Word, kó wá gbogbo ẹ̀dà tó ti fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lórí í-meèlì tàbí WhatsApp, kó tò ó bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ìwé tó ń kọ nǹkan sí, fọ́ọ̀mù ìbéèrè tó pín fún àwọn èèyàn, ohùn tó gbà sílẹ̀, kó kó gbogbo rẹ̀ dání. Kó wá kọ lẹ́tà kúkúrú sí olórí ẹ̀ka (HOD), tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó béèrè ìpín tí wọ́n fura sí, ẹ̀rọ tí wọ́n lò, àti òfin ẹ̀ka náà lórí AI. Kó sì fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bi òun léèrè lórí iṣẹ́ náà, ojú ewé tó bá wù wọ́n. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló lè sọ ìdí tó fi yan ibi tó yàn àti ohun tó dà á láàmú níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó yẹ kó yẹra fún ni fífi nǹkan pamọ́. Bó bá jẹ́ pé ó lo AI láti tún gírámà ṣe níbì kan, kó sọ ọ́ kí wọ́n tó bi í. Bí ìgbìmọ̀ bá fúnra wọn rí i, wọn ò ní í gba ìyókù gbọ́.

Mi ò bá àwọn olùkọ́ jà o. Mo mọ iye ìwé tó ń dúró dè wọ́n, mo sì mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń gbé iṣẹ́ AI wá láìka ìlà kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí pé a fi ìdájọ́ ọmọlọ́mọ lé ohun tí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ti rí èyí tẹ́lẹ̀. Abala 37 rẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe ìpinnu tó lè yí ayé rẹ̀ padà. Àyè àyàfi wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ tọ́ka sí i nínú lẹ́tà náà.

Òfin yìí kan náà ló gbé mi dé ọ́fíìsì yín, nítorí dátà àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti sákúlà.

Ẹ̀rọ bíi ChatGPT kì í lọ wo fáìlì ọ́fíìsì yín kó tó sọ̀rọ̀, àyàfi tí wọ́n bá so ó mọ́ ọn. Ó ti ka ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé, ó mọ bí mẹ́mò ṣe ń rí, ó sì ń yan ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú. Ó dà bí akéwì tó dé òde ìnáwó, tí kò mọ oríkì ìdílé ẹni tó ń kì, tó wá ń fi ọ̀rọ̀ dídùn dí àlàfo. Sákúlà yín tí kò sí, àlàfo tó dí nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù wá lọ. Ní New York ní 2023, adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà tó kó ẹjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀ rí wá sílé ẹjọ́. Ìlú New York kan náà gbé ẹ̀rọ AI kalẹ̀ fún àwọn oníṣòwò láti máa bi í ní ìbéèrè òfin, nígbà tó sì di oṣù Kẹta 2024, àwọn oníròyìn fi hàn pé ó ń sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ pé ó lè yọ nínú owó tí oníbàárà fi ta òṣìṣẹ́ lọ́rẹ. Òfin sì kọ̀ ọ́. Ní 2025, ilé-iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn Deloitte dá apá kan padà nínú nǹkan bí 440,000 dọ́là Australia tí ìjọba ibẹ̀ san fún ìjábọ̀ kan, nítorí àwọn ìwé tí a tọ́ka sí nínú rẹ̀ tí kò sí níbì kankan.

Ti NIN àti ọjọ́ ìbí ló tilẹ̀ ká mi lára jù. Sákúlà èké ṣeé tún ṣe lọ́la. Ohun tí a tẹ̀ sínú ChatGPT lórí fóònù ara ẹni ti lọ sórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn odi, wọ́n sì lè fi kọ́ ẹ̀rọ náà bí a kò bá pa àyè yẹn níbi ètò rẹ̀. Àwọn arúgbó wọ̀nyí ni oníjìbìtì ń wá kiri, àwọn arúgbó náà ò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti tú àṣírí wọn síta.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi náà ru ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn nìkan, nítorí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Kó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú ChatGPT, kí ẹ sì fi ìwé sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ̀gá àti ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ dátà níbi iṣẹ́ yín. Ẹ gba mẹ́mò náà padà kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣe ìpinnu lórí owó arúgbó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òfin kékeré mọ́ ara ògiri: kò sí orúkọ, NIN tàbí nọ́ńbà àkáǹtì nínú AI; òfin tàbí sákúlà tí AI bá dárúkọ, ẹ wá ojúlówó rẹ̀, kí ẹ so ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ mẹ́mò; ẹni tó bá buwọ́ lù ú ló ni ín.

Mi ò ní kí wọ́n jìnnà sí AI. Ó lè gé mínítì ìpàdé ogún ojú ewé kúrú, ó lè tú Gẹ̀ẹ́sì líle inú fọ́ọ̀mù sí èyí tó máa yé màmá arúgbó. Ó lè kọ ìkéde ní Yorùbá pẹ̀lú, bí ẹ bá ní ẹni tó máa kà á sókè kó tó jáde. Inú mi dùn nígbà tí Bosun Tijani, mínísítà ìmọ̀ ẹ̀rọ Nàìjíríà, gbé AI tí wọ́n ń pè ní N-ATLAS jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2025, tí Yorùbá, Hausa àti Ìgbò wà nínú rẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá dá ọmọ yín lẹ́bi láìbi í ní ìbéèrè kankan, ẹ tètè kọ̀wé padà sí mi. Ọ̀nà ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà nínú yunifásítì, a ó sì jọ to lẹ́tà náà.