Ìmọ̀ Òfin fún Àgbẹ̀: Ẹjọ́ Shugaba ní Maiduguri àti Ìwé Inú Àpótí Rẹ

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, irúgbìn àti àrùn adìẹ ni a máa ń kọ́ ara wa ní ojú ewé yìí. Ẹ̀kọ́ òfin ni ti òní. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ ẹnikẹ́ni di lọ́yà. Ohun tí ó mú un wá ni pé a ti rí àgbẹ̀ tí ó ṣẹ́gun kòkòrò, tí ó ṣẹ́gun ọ̀dá, ṣùgbọ́n tí ìwé pélébé kan tí kò tọ́jú gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́.

A ó rìn jìnnà díẹ̀ kí a tó padà sí oko wa. Maiduguri, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Borno, ni a ń lọ. Àwọn Yorùbá kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ará tí ń ṣòwò ní ìhà Custom tàbí ní ọjà Gamboru yóò mọ̀ pé Kanuri, Ṣúwà, Hausa, Yorùbá, Igbo àti ará Chad ni wọ́n jọ ń nájà ní ìlú náà. Ààlà ilẹ̀ kò jìnnà. Ọmọ ìyá méjì lè wà, kí ọ̀kan máa gbé Nàìjíríà, kí èkejì máa gbé Chad tàbí Cameroon. Ní irú ibẹ̀, bí aláṣẹ bá bi ènìyàn pé, "Ọmọ ibo ni ìwọ?", ọ̀rọ̀ eré kọ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mú Alhaji Shugaba Abdurrahman Darman ní Maiduguri, wọ́n gbé e kọjá ààlà, wọ́n sì já a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Chad. Ìwé àṣẹ tí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Alhaji Bello Maitama Yusuf, fi ọwọ́ sí ni wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tí ìjọba wí ni pé Shugaba kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Kò fojú kan adájọ́ kankan kí wọ́n tó gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹni àìmọ̀. Òun ni olórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú Ilé Aṣòfin Borno, lábẹ́ ẹgbẹ́ GNPP. Ẹgbẹ́ NPN ti Ààrẹ Shehu Shagari ni ó wà ní ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin náà ẹ fi ojú inú wo bí òṣèlú ṣe lè wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ ṣe àkíyèsí ọjọ́ náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 ni ìwé òfin tuntun ti ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Ìlànà tí ọmọ ìlú yóò tẹ̀ lé láti gbé ìjọba lọ sí kóòtù lórí ẹ̀tọ́ rẹ̀, èyí tí Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ wa, Atanda Fatayi-Williams, ṣe, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1980. Kò ì pé oṣù kan tí ìlànà náà jáde nígbà tí wọ́n gbé Shugaba. Ńṣe ni ó dà bí ẹni ra àdá tuntun, tí igbó sì dé.

Lọ́yà tí ó gba ẹjọ́ náà rò ni Olóyè G. O. K. Ajayi, ọmọ Yorùbá, ẹni tí ó ti ṣáájú àwọn lọ́yà Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ nínú ẹjọ́ ìbò ààrẹ ní 1979. Adájọ́ Oye Adefila ni ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Maiduguri. Ohun tí ẹjọ́ náà dúró lé kò le láti yé ènìyàn. Ìjọba ní ará Chad ni bàbá Shugaba. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1979 wí pé ẹni tí a bí ní Nàìjíríà kí ilẹ̀ wa tó gba òmìnira, tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀yà tí ó jẹ́ onílé ní Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ọ̀kan péré ni òfin béèrè. Kanuri ni ìyá Shugaba, ìlú Borno sì ni ilé Kanuri. Òfin yìí kan náà wà nínú ìwé òfin 1999 tí a ń lò lónìí. Àwa Yorùbá tí a gbà pé ti bàbá ni ọmọ, ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn: níwájú òfin ilẹ̀ wa, ìyá náà ń fún ọmọ ní ìlú.

Adájọ́ Adefila dá ẹjọ́ náà pé ọmọ Nàìjíríà ni Shugaba, pé kò sí mínísítà tí ó lè lé ọmọ Nàìjíríà kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀, àti pé ìjọba ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú: ẹ̀tọ́ òmìnira, ẹ̀tọ́ láti wà nínú ilé rẹ̀ láìsí ìyọlẹ́nu, àti ẹ̀tọ́ láti rìn káàkiri Nàìjíríà. Ó pàṣẹ kí wọ́n san 350,000 náírà fún un. Náírà ìgbà náà ni a ń wí o, nígbà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Kaduna. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n dín owó náà kù sí 50,000 náírà. A sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé owó gọbọi ni kóòtù máa ń pín kiri. Ohun tí ó tóbi jù tí Shugaba rí gbà ni ìlú rẹ̀.

A mọ ohun tí ẹnìkan yóò wí. "Shugaba, olóṣèlú ni. Ó ní ẹgbẹ́ lẹ́yìn, ó rí lọ́yà ńlá gbà. Èmi tí mo ń gbin ẹ̀gẹ́ ńkọ́?" Ìbéèrè náà dára. Lọ́yà tí ìwọ yóò bá pàdé kì í ṣe irú Olóyè Ajayi. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọmọbìnrin kan tí ń dá iṣẹ́ rẹ̀ ṣe nínú yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pẹ̀lú akọ̀wé kan àti ìwé òfin lórí pẹpẹ. Láàárọ̀ kóòtù ni ó ń wà. Lọ́sàn-án ni ó ń rí àwọn ènìyàn. Irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ wà ní Maiduguri, wọ́n wà ní Ọ̀yọ́, wọ́n wà ní Ìkàrẹ́, àwọn sì ni wọ́n ń gbé ẹjọ́ mẹ̀kúnnù ní ilẹ̀ yìí. Ìlànà kan náà tí Olóyè Ajayi lò ni òun náà yóò lò. Ṣùgbọ́n kò lè fi ẹnu lásán lò ó.

Irú ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà bẹ́ẹ̀ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó. Ìwé ilẹ̀ yẹn dà?"

"Ọmọ mi, ìwé kí ni? Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé oko mi ni."

"Bàbá, adájọ́ kò sí nínú gbogbo ayé tí ẹ wí yẹn. Ìlú ibòmíràn ni wọ́n ti gbé e wá."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Nínú ẹjọ́ Shugaba, ẹ̀rí nípa ibi tí a bí i àti ìran tí ó ti wá ni ó gbé ẹjọ́ náà ró. Nínú ẹjọ́ àgbẹ̀, ìwé ìpínlẹ̀ oko, ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba, rìsíìtì owó ilẹ̀ àti ti owó yíyá, àti àwọn aládùúgbò oko tí ó lè jẹ́rìí, ni yóò gbé e ró.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà fún wa jù. Ilẹ̀ ibùdó wa, ìjọba ni ó ni ín láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó sì lè gba ilẹ̀ padà fún ohun tí gbogbo ìlú yóò jèrè. Ṣùgbọ́n òfin náà kò ní kí ó ṣe é bí ẹni gba ìṣáná lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní kí wọ́n fún onílẹ̀ ní ìwé ìkìlọ̀. Ó sì ní ẹni tí ó ní ilẹ̀ náà àti ẹni tí ń lò ó yóò gba owó ohun tí wọ́n ti ṣe sórí rẹ̀: ilé, kànga, àti irè oko. Iye igi tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kà ni yóò fi ṣírò. Bí ìwọ kò bá ní àkọsílẹ̀ tìrẹ, iye tí ó bá kọ ni ó kọ. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ka igi kòkó, igi ọ̀pẹ àti igi ọsàn rẹ. Kọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ náà sínú ìwé, kí ọmọ rẹ tí ó mọ̀wé àti aládùúgbò kan fi ọwọ́ sí i. Bí o bá lè ya fọ́tò, yà á. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣoṣo ni.

Ohun kejì ni ọjọ́. Òfin kan wà tí ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì ní ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ṣẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Bí katapílà ìjọba bá wó oko rẹ lónìí, tí o ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, tí o ń lọ rí ọ̀gá kan, tí wọ́n ń ní "padà wá lọ́la" títí oṣù mẹ́ta fi kọjá, lọ́yà ìjọba lè dìde ní kóòtù kí ó ní ẹjọ́ rẹ ti kú. Àwọn kan kò mọ̀ títí wọ́n fi dé iwájú adájọ́. Ní ti ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bí ti Shugaba, nǹkan ti rọrùn ju ti ìgbà rẹ̀ lọ: ìlànà 1980 ní kí a gba ìyọ̀ǹda kóòtù kọ́kọ́, kí ó má sì ju oṣù méjìlá lọ, ṣùgbọ́n ìlànà tuntun ti 2009 ti mú méjèèjì kúrò. Ẹlòmíràn pàápàá lè pe ẹjọ́ náà fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

Bí pọ́líìsì bá mú ọ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. O ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí ìwọ yóò fi bá lọ́yà rẹ sọ̀rọ̀. Níbi tí kóòtù bá wà láàárín ogójì kìlómítà, kí wọ́n gbé ọ dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Níbi tí ó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Béèlì kì í ṣe ọjà títà. Ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ń dúró ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ pọ́líìsì tí ó ń pe ara rẹ̀ ní lọ́yà. Béèrè ọ́fíìsì rẹ̀, kí o sì gba rìsíìtì.

Ní ti owó lọ́yà, ẹ sọ ọ́ ní kedere ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ béèrè iye tí ó wà fún iṣẹ́ rẹ̀ àti iye tí ó wà fún kóòtù, nítorí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lú, àní èyí tí ó ta kò ọ́. Lọ́yà tí kò mọ̀ pé o ti gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́ yóò gbọ́ ọ ní kóòtù láti ẹnu ọ̀tá. Ẹni tí kò bá ní owó rárá, Legal Aid Council wà, èyí tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976. Lábẹ́ òfin 2011, ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ni ó wà fún.

A tún fẹ́ kí ẹ rántí àwọn ènìyàn wa tí ó padà wálé láti Ghana. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó lọ. Àìmọye Yorùbá tí ó ti ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà bàbá wọn ni ó kó ẹrù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò tilẹ̀ rò ó rí pé ẹnikẹ́ni lè béèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn.

Kí a padà sí Maiduguri fún ìgbà ìkẹyìn. Láti 2009 tí ogun Boko Haram ti bẹ́ sílẹ̀ ní Borno, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sá kúrò ní abúlé wọn ní òru láìmú nǹkankan. Ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí, ìwé ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ jóná tàbí sọnù. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n iná, àgbàrá àti ikán ń dé. Bí ìwé bá sọnù, lọ sọ fún pọ́líìsì, lẹ́yìn náà lọ búra ní kóòtù pé ó sọnù, kí wọ́n fún ọ ní ìwé ìbúra. Èyí kò rọ́pò ìwé gan-an, ṣùgbọ́n òun ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ láti gba òmíràn ní ọ́fíìsì tí ó fún ọ ní ti àkọ́kọ́.

Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, mú ìwé oko rẹ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ rẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà. Fi ẹ̀dà kan sí ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó wà ní ìlú, fi èkejì sínú ọ̀rá, kí o sì gbé e sí ibi tí ìyàwó rẹ mọ̀. A ti rí opó tí ó mọ iye igi kòkó ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí ìwé wà.